Ọ̀nà Kẹrin Tí Mo Ní Wọ́n Ti Rí

Ìṣẹ́jú kan péré ló kù kí ètò rédíò náà parí nígbà tí mo purọ́. Ó dá mi lójú pé ìṣẹ́jú kan ni, torí pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó jókòó níwájú mi ti na ìka kan sókè láti fi hàn mí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Tíṣà, kí á tó kúrò níbẹ̀, ṣé wọ́n ti wá rí ọ̀nà kẹrin yìí?" Ìdáhùn òótọ́ kò gùn rárá: ẹnikẹ́ni ò tíì rí i. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ohun tó máa dùn létí àwọn tó ń gbọ́ wa ló ń retí. Mo sún mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sí mi lẹ́nu, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti rí i."

Tíṣà físíìsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlobù. Kí n tó di tíṣà, mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè kejì ní yunifásítì, orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo sì fẹ́ ṣe ìwádìí mi lé. Ìṣirò rẹ̀ ló lé mi jáde. Mo lo oṣù mẹ́jọ lórí ojú ìwé mọ́kànlá, n kò lè fi ẹnu ara mi ṣàlàyé ohun tó wà nínú wọn, mo sì kó ẹrù mi padà sílé láìdágbére fún ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí mi. Ohun tí mo sọ fún gbogbo èèyàn ní Ìlobù ni pé ìyá mi ń ṣàìsàn. Ó ń ṣàìsàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló mú mi wálé.

Nítorí náà, nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Òṣogbo ń wá ẹni tó lè fi Yorùbá ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì, tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa sì fa orúkọ mi kalẹ̀, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà pè mí ní onímọ̀ ìjìnlẹ̀. N kò tún un ṣe.

Ohun tí mo sọ kí n tó dé ibi irọ́ náà, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, mo sì sọ ọ́ dáadáa. Mo ní ipá mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ kà tó ń darí gbogbo ohun tó wà láyé. Ọ̀kan ni òòfà ilẹ̀, tó ń mú kí máńgòrò já bọ́ sílẹ̀ dípò kó fò lọ. Èkejì ni ti iná mànàmáná àti mágínẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ti rò láyé àtijọ́ pé nǹkan méjì ni, kí wọ́n tó rí i pé ọ̀kan náà ni. Àwọn méjì tó kù wà ní àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù: ọ̀kan ló so ó pọ̀, èkejì ló ń mú kí àwọn átọ́ọ̀mù mìíràn máa tú díẹ̀díẹ̀. Mo ní ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wá bí wọ́n ṣe máa fi hàn pé ipá kan ṣoṣo ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti pé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ẹnì kan nílẹ̀ òyìnbó gbìyànjú ohun tó jọ eré. Ọ̀nà mẹ́ta ni a mọ̀ tí nǹkan lè gbà lọ: síwájú tàbí sẹ́yìn, sọ́tùn-ún tàbí sósì, sókè tàbí sílẹ̀. Ọkùnrin yìí ní kí á kà á pé ọ̀nà kan tún wà tí a kò rí. Ó mú ìṣirò òòfà ilẹ̀, ó fi ọ̀nà kan yẹn kún un. Nígbà tó ṣe é tán, ìṣirò iná àti mágínẹ́ẹ̀tì ti wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò fi í síbẹ̀.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ béèrè pé níbo wá ni ọ̀nà ọ̀hún wà tí ojú wa kò fi rí i. Mo ní kó rò ó bí ẹní. Tí a bá tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó ní òòró, ó ní ìbú. Tí a bá wá ká a le dáadáa, tí a gbé e dúró sí òpin títì, ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè á rò pé igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ìbú rẹ̀ kò sọnù. Ó ká ni. Mo ní bóyá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kẹrin ṣe ká, tó kéré débi pé kò sí ohun tí a fi lè wò ó. Ká ní mo dákẹ́ síbẹ̀ ni, n kò ní ní ohun tí mo ń kọ yìí.

Ní ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbàlagbà kan wá bá mi ní ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀kadà ló gbé e wá láti Ìfọ́n. Ó wọ ìbòrí funfun, ó mú ìwé èsásáìsì kan dání, ó sì fi okùn so bírò mọ́ ọn. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ní kí n dìde, ó béèrè àlàáfíà mi, ó béèrè ti ìyàwó àti ti àwọn ọmọ, kó tó sọ fún mi pé òun ni ìyá bàbá ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi. Mo mọ ọmọ náà dáadáa. Ìwájú ló máa ń jókòó, kì í sì í jẹ́ kí n parí gbólóhùn kó tó nawọ́.

Ìyá náà sọ pé Kùmásì ni wọ́n bí òun sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó sì mọ ìṣirò ju gbogbo kíláàsì rẹ̀ lọ, nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gánà ní kí àwọn àjèjì máa lọ lọ́dún 1969. Bàbá rẹ̀ kó wọn wá sí Ìfọ́n, ìwé kíkà sì parí síbẹ̀. Òwò ló ń ṣe láti ìgbà náà, ike àti korobá, okùn àti ẹní. Ṣùgbọ́n ó ní rédíò ní ṣọ́ọ̀bù, ètò tó bá sì jẹ mọ́ ẹ̀kọ́, ó máa ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ṣí ìwé náà fún mi. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ̀rọ̀ mi tán, lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ó kọ ọ́ pé wọ́n ti rí i, ó sì fa ìlà méjì sí i nídìí. Ó wá béèrè ohun tó gbé e wá. Ó ní ẹní tí a ká ti yé òun, ṣùgbọ́n báwo ni kíká rẹ̀ ṣe wá sọ nǹkan méjì di ọ̀kan?

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ, kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè tó dára tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí á sọ pé èèrà kan ń rìn lórí ẹní tí a tẹ́, kò lọ gbọọrọ, ó ń rìn ní ìdábùú díẹ̀. Ìrìn kan ṣoṣo ni. Ká ẹní náà wàyí pẹ̀lú èèrà lórí rẹ̀. Ẹni tó wà lókèèrè á rí i pé èèrà ń lọ síwájú lára igi. Ibi tó ti ń yí po, kò ní rí i bí ìrìn, ohun mìíràn ló máa jọ lójú rẹ̀. Mo ní nínú ìṣirò ọkùnrin yẹn, ohun mìíràn ọ̀hún ló dúró fún iná mànàmáná tó wà lára nǹkan. Ìrìn kan náà ni. Àwa la pín in sí méjì nítorí pé a kò rí gbogbo ibi tó ń gbà.

Ìyá náà ń ka nǹkan lórí ìka rẹ̀, èdè Gánà ló fi ń kà á. Ó wá gbójú sókè. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Mo fẹ́ mọ̀ dájú, kí n má bàa fi àṣìṣe kọ́ ọmọ mi. Ṣé wọ́n ti rí i lóòótọ́?"

Irọ́ àkọ́kọ́, mo lè sọ pé ẹnu mi ló yọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní àyè láti ronú. Mo wo ìlà méjì tó fà sí ìdí ọ̀rọ̀ mi, mo wo bó ṣe ń wò mí bí ẹni tó ń wo ìwé. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ti rí i."

Ó dúpẹ́ gan-an. Ó ti mú korobá tuntun kan wá fún mi láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo gbà á.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìdíje kan wáyé ní Òṣogbo láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yóò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ohun kan nínú sáyẹ́ǹsì, àwọn adájọ́ yóò sì bi í ní ìbéèrè. Ọmọbìnrin yìí la mú, ọ̀rọ̀ bí àwọn ipá ayé ṣe lè jẹ́ ọ̀kan ló sì yàn. Òun àti ìyá rẹ̀ àgbà ni wọ́n jọ kọ ọ́ nílé. Ó gbé e wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi bírò pupa tún sípẹ́lì méjì ṣe, mo dé ibi tó kọ ọ́ sí pé àwọn onímọ̀ ti rí ọ̀nà kẹrin, bírò sì dúró lọ́wọ́ mi. Tí mo bá fagi lé e, ó máa béèrè ìdí, torí kò sí ohun tí kì í béèrè. Mo fo gbólóhùn náà, mo tún sípẹ́lì kan ṣe nínú èyí tó tẹ̀ lé e, mo fún un ní ìwé rẹ̀.

Ó sọ̀rọ̀ náà dáadáa níwájú gbogbo gbọ̀ngàn. Ó mú ẹní ike kékeré kan wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ ẹ, ó fi ìka ṣe èèrà lórí rẹ̀, ó ká a, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ kó tó parí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, yìn ín, ó sì béèrè ibi tó ti rí i kà pé wọ́n ti rí ọ̀nà yìí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Ọmọ náà kálòlò díẹ̀, obìnrin náà sì yí sí Yorùbá kí ara lè tù ú. Ọmọ náà ní tíṣà òun ló sọ ọ́ lórí rédíò, pé ìyá òun àgbà kọ ọ́ sílẹ̀, pé tíṣà náà ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Adájọ́ náà kò fi ìbínú béèrè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ sọ?"

Mo dìde dúró. Mo ní, "Rárá o, mà. Ó ní láti jẹ́ pé màmá àgbà ò gbọ́ ọ dáadáa."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, irú èyí tí èèyàn ń rín sí àgbàlagbà ni. Ọmọ náà kò wò mí. Ó ń ká ẹní rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ó ti ká tán tẹ́lẹ̀. Wọn kò fún wa ní ipò kankan. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa bọ̀, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Nígbà tí a dé Ẹ̀rìn, tí àwọn oníṣòwò kan sọ̀kalẹ̀, àyè ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní kó máa bọ̀ kí ara rọ̀ ọ́. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn, sà.

Mo retí pé ìyá náà máa wá bá mi jà. Mo ti to ohun tí mo máa sọ sẹ́nu, bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń yàtọ̀ lórí rédíò, bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń gé e. Kò wá. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ọ̀sẹ̀ kẹta kọjá. Ọmọ náà kúrò ní ìjókòó iwájú. Ohun tí mo bá kọ sójú pátákó, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì nawọ́ mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó gbé fọ́ọ̀mù kan wá sí ọ́fíìsì. Ó fẹ́ fi físíìsì sílẹ̀, kó gba gọ́fámẹ́ǹtì dípò rẹ̀, ó sì ní láti jẹ́ pé èmi ni mo buwọ́ lù ú. Mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi. Ojú tì mí débi pé mo fi ìwé mìíràn bò ó lórí tábìlì, bí ẹni pé ẹlòmíràn lè kà á kó sì mọ ìdí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìfọ́n. Kò jìnnà. Mo lè gun ọ̀kadà, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ tètè dé.

Ìyá náà wà láàárín ọjà rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Kí n tó lè la ẹnu, òun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ó ní òun ti ń gbèrò láti wá sí ilé ẹ̀kọ́ wá tọrọ àforíjì, pé òun fi ohun tí òun ṣì gbọ́ dójú tì mí níwájú àwọn èèyàn ńlá. Ó ní òun ti lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo kí wọ́n yẹ etí òun wò. Wọ́n ní etí náà dára fún ọjọ́ orí òun, ṣùgbọ́n òun kò gbà wọ́n gbọ́, torí báwo lòun ṣe máa gbọ́ ohun tí tíṣà ò sọ, kí òun sì tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì ní ojúkojú? Ó ti dẹ́kun kíkọ nǹkan sílẹ̀ láti orí rédíò. Ó ní òun ti bẹ ọmọ náà pàápàá, kó má bínú sí òun.

Ìyá tó lè bí mi ń bẹ ọmọ ọmọ rẹ̀ nítorí irọ́ tí èmi pa. Gbogbo ohun tí mo ti tò sẹ́nu lọ. Mo tún dọ̀bálẹ̀, mo na gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. Mo ní, "Màmá, etí yín ò ṣe nǹkan kan. Mo sọ ọ́. Irọ́ ni mo pa. Mo tún pa á lójú yín, mo sì sẹ́ ẹ níwájú ọmọ yín."

Kò ní kí n dìde. Oníbàárà kan wọlé wá ra okùn. Ìyá náà wọn ọ̀pá mẹ́ta, ó gé e, ó gba owó, ó dúpẹ́. Oníbàárà náà gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá, ó kí mi pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Dìde," ni ìyá náà wí. Títí di ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin ló máa ń pè mí, torí pé tíṣà ni mí. Ó ní, "Kí ló dé tí o fi jẹ́ kí n máa bẹ ọmọdé fún ohun tí ìwọ ṣe?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti yunifásítì, ti ojú ìwé mọ́kànlá, ti bí wọ́n ṣe pè mí ní onímọ̀ ìjìnlẹ̀, mo sì gbọ́ ọ létí ara mi pé àwáwí ni mo ń wá, mo dákẹ́. Ó pe ọmọ náà láti inú ilé, ó ní kí n sọ ọ́ lójú rẹ̀. Mo sọ ọ́.

Ọmọ náà ní, "Mo mọ̀, sà. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí ẹ sọ ọ́, èmi náà gbọ́ ọ. Mo sọ fún màmá pé kò sí ohun tó ṣe etí wọn. Wọ́n ní kò sí bí tíṣà ṣe máa dìde láàárín èrò kó purọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó ti tán, sà, bí èèyàn ṣe ń sọ fún ẹni tó ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó padà sínú ilé.

Ìyá náà wá ní kí n sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ fún òun. Mo jókòó lórí àpótí kan, mo sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì rí ọ̀nà kẹrin. Wọ́n ti wá a pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ tó tóbi ju ìlú lọ, wọn ò rí i. Àwọn mìíràn tilẹ̀ sọ pé ọ̀kan kò tó, pé kí àwọn ipá yòókù tó lè wọ inú ìṣirò náà, ọ̀nà tó ká gbọ́dọ̀ tó mẹ́fà tàbí méje, wọn ò sì rí ìyẹn náà. Ó béèrè pé kí ló wá dé tí wọn ò fi í sílẹ̀. Mo ní nítorí pé ìṣirò náà bọ́ sí i dáadáa, ó sì ṣòro fún wọn láti gbà pé èèṣì lásán ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó béèrè bí ọ̀nà méje ṣe lè ká pọ̀ sójú kan láìdí ara wọn lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni èmi náà ti dúró ní yunifásítì. Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà. Ibẹ̀ ni mo ti sá kúrò."

Ó mi orí. Ìwé rẹ̀ wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀, mo rí i. Kò nawọ́ sí i. Ó ní òun kò ní kọ ọ́ lónìí. Ó wá sọ ohun tó fẹ́ kí n ṣe: kí n kọ̀wé sí adájọ́ yẹn, kí n sì sọ ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ òun máa ti gbọ́.

Mo ṣe méjèèjì. Adájọ́ náà fèsì ní ìlà mẹ́ta, ó dúpẹ́, ó ní èsì ìdíje kò ṣeé yí padà mọ́. Ní asẹ́ḿbílì ọjọ́ Ajé, mo dúró níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, mo ní akẹ́kọ̀ọ́ wa kò purọ́, ìyá rẹ̀ àgbà kò sì ṣì mí gbọ́, èmi ni mo purọ́. Àwọn ọmọ kékeré rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà inú wọn ò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì nira jù fún mi. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pè mí lẹ́yìn náà, inú bí i pé mo sọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ di yẹ̀yẹ́. Mo tún lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹn ní ètò náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ta ló tún rántí? Mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi fún mi ní ìṣẹ́jú méjì nínú ètò ìkíni òwúrọ̀, láàárín ìpolówó méjì. Mo sọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ní Ìfọ́n gbọ́ ọ.

Mo rò pé lẹ́yìn gbogbo èyí, ọmọ náà máa padà sí físíìsì. Ó wá gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo béèrè bóyá ó ti tún un rò. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ó sì dúró títí mo fi buwọ́ lù ú. Ó ti jáde báyìí. Mo gbọ́ pé ó ń kọ́ ìmọ̀ òfin níbì kan, àti pé ó ń ṣe dáadáa.

Èmi ṣì wà ní Ìlobù, físíìsì náà ni mo ṣì ń kọ́ wọn. Tí a bá dé orí àwọn ipá mẹ́rin, tí ọmọ kan bá béèrè ohun tó kọjá ìwé wa, mo máa ń sọ ibi tí ìmọ̀ mi mọ. Ó ṣì ń nira fún ẹnu mi láti sọ ọ́.

Mo máa ń pàdé ìyá náà nígbà mìíràn lọ́nà ọjà. Mo máa ń dọ̀bálẹ̀, ó máa ń ní kí n dìde kí aṣọ mi má dọ̀tí. Ó ti padà sí pípè mí ní ẹ̀yin. Ó máa ń béèrè ìyàwó, ó máa ń béèrè àwọn ọmọ, ó máa ń béèrè bóyá òjò ti rọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Mo máa ń dúró díẹ̀ sí i, bóyá ó máa béèrè nǹkan mìíràn. Kì í béèrè.